Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Rọ̀?



Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Benin ní epo Niger ò ní wọkọ̀ ojú omi ní Sèmè àfi tí Niger bá ṣí ẹnubodè. Niger kọ̀. Oníkálukú ń retí kí ìkejì kọ́kọ́ rọ̀. Àpò méjèèjì ló jìyà.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, Robert Axelrod ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà dán irú ìfàfà báyìí wò. Ọgbọ́n tó borí ò le: kọ́kọ́ ṣoore, bí wọ́n bá dà ọ́, san án lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá yíwà padà, gbàgbé ẹ̀.

Àgbẹ̀ àti darandaran wa yóò tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀. Torí náà, ẹ̀yin olóyè, kí òjò tó dá, ẹ pè wọ́n jókòó: kí ọ̀nà màlúù hàn, kí owó ìtanràn oko níwọ̀n, kí ẹjọ́ tó bá tán ó tán. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò. Ẹ̀yin làwọn méjèèjì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.