Wáyà Kò Tíì Di Ohun Àtijọ́: Èsì fún Àwọn Tó Ń Pe Adapter USB ní Ohun Ìṣeré

Ẹ̀yin ará Bọ́lọ́rundúró, ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò òde, ẹ̀yin tí ẹ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, irọ́ kan wà láàárín wa tó ń jẹ wá lówó. Irọ́ náà ní wáyà ti kọjá lọ, pé Wi-Fi layé ń lò báyìí. Ó tún ní ẹni tó bá ra adapter kékeré tí a ń kì bọ ihò USB, kí ó lè fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ohun ìṣeré ọmọdé ló kówó lé. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pàápàá, àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ta ni àgbà, ta ni àbúrò. Ní ọdún 1971, ní Yunifásítì Hawaii, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò so kọ̀ǹpútà erékùṣù kan mọ́ ti òmíràn. ALOHAnet ni wọ́n pè é. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ gbà kọjá, kò sí wáyà láàárín. Robert Metcalfe ka iṣẹ́ náà, ó sì rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí: bí ẹ̀rọ méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì á dàrú, àwọn méjèèjì á sì tún un sọ. Ní 1973, ní ilé ìwádìí Xerox tó wà ní Palo Alto ní California, òun àti David Boggs kó èrò náà sínú wáyà, wọ́n sì tún un ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe ni à ń pè ní Ethernet títí dòní. Wáyà yìí kọ́ ló ń sá fún afẹ́fẹ́, àléébù afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi í wò sàn. Láti ìgbà náà kò dúró lójú kan. Ní 1995 ó di 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní 1999 ó di 1,000, nígbà tó sì di 2016 wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tó ń gba 2,500 àti 5,000 kọjá nínú irú wáyà tó ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dàgbà báyìí, ta ló ní ó ti kú?

Ẹ wá wo Wi-Fi fúnra rẹ̀. Bí ìpàdé ẹbí ló rí, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù ìyá bá ń gba fídíò WhatsApp, láptọ́ọ̀pù ọmọ á dúró. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń fi fáìlì ránṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n á dúró. Ìdúró náà kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i nínú ilé ni òun náà ń pọ̀ sí i. Ráútà aládùúgbò tó wà lórí ìkànnì kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láìpè é. Lórí ìgbì 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tìsì tí ọ̀pọ̀ ráútà wa ń lò, ìkànnì mẹ́ta péré ni kì í gun orí ara wọn: 1, 6 àti 11. Ìgbì 5 gígáhẹ́ẹ̀tìsì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń kọ́lé níhìn-ín: búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, yàrá lẹ́yìn yàrá, ilé àwọn bàbá wa tó jẹ́ alámọ̀ sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti wáyà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ dé súwíìṣì, àpótí tí gbogbo wáyà ti ń pàdé. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ràn, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, bí kọ̀ǹpútà bá ti ń falẹ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. A ó yọ síìmù MTN, a ó ki ti Airtel bọ̀ ọ́, a ó tún dán Glo wò, a ó ra dátà tó tóbi sí i. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó bú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ìlú, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù kan mọ́ ráútà, kí ẹ sì wọn ìyára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà kúrò, ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí Wi-Fi. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, òpó ni ẹ máa bá wí. Bí ti wáyà bá fi púpọ̀ ju ti Wi-Fi lọ, inú ilé yín ni àìsàn wà, kò sì sí síìmù tó lè wò ó.

N kò ní tan yín: wáyà kò lè bu omi tí kò sí nínú kànga. Bí mẹ́gábíìtì 10 bá ni òpó ń fún ráútà, 10 náà ni adapter tó dára jù lọ láyé máa fún yín láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń tà á fún yín pé ó máa sọ 10 di 100, ẹ sá fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò ní dín in kù, àti pé láàárín kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé, níbi tí a kò ti nílò òpó kankan, ìyàtọ̀ rẹ̀ tóbi gan-an.

Ibo wá ni irọ́ pé ohun ìṣeré ni adapter USB ti wá? Ó ní gbòǹgbò, ẹ jẹ́ ká hú u. USB 2.0, tó jáde ní ọdún 2000, kò kọjá 480 mẹ́gábíìtì lórí ìwé, bí a bá sì ń lò ó, nǹkan bí 300 ló ń gbà kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá ki adapter gígábíìtì, ìyẹn 1,000 mẹ́gábíìtì, bọ irú ihò bẹ́ẹ̀, kò lè dé gbogbo ìyára rẹ̀ láé. Kódà àwọn tó ń ṣe Raspberry Pi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ògiri yìí. Ní 2018 wọ́n fi Ethernet gígábíìtì sórí Pi 3B+, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn USB 2.0 ni wọ́n gbé e sí, àwọn fúnra wọn sì sọ ọ́ gbangba pé nǹkan bí 300 ni ó máa dé mọ. Ẹni tó bá rí irú èyí nígbà náà lè bínú, kí ó sì ní gbogbo adapter kò wúlò. Ṣùgbọ́n USB 3.0 ti jáde láti 2008, ó sì ń gbé 5,000 mẹ́gábíìtì. Bí a bá yọ èyí tí ètò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ, 4,000 ṣì kù. Gígábíìtì kan kò lè kún un, 2,500 náà kò lè kún un. Àìsàn tí wọ́n ń sọ ti san láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù lẹ́nu.

Nítorí náà, ihò ni ẹ kọ́kọ́ máa wò. Inú ọ̀pọ̀ ihò USB 3.0 ní àwọ̀ búlúù, tàbí kí wọ́n kọ SS sí ẹ̀gbẹ́ àmì USB rẹ̀. Àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti òkè òkun, irú EliteBook, Latitude àti ThinkPad, kì í sábà ṣàìní ọ̀kan ó kéré tán. Lẹ́yìn ihò, ṣíìpù inú adapter. RTL8152 kò kọjá 100 mẹ́gábíìtì, ì báà ṣe ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. RTL8153 àti AX88179 ń gba 1,000. RTL8156 ń gba 2,500. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń kó èyí tí kò kọjá 100 sínú páálí tí wọ́n kọ gígábíìtì sí. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló ń ba ojúlówó lórúkọ jẹ́, tí ẹni tó rà á fi ń délé tí ó sì ń sọ pé Wi-Fi òun sàn ju wáyà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí jù. Ìnáwó ọjọ́ kan lè kún káàdì kámẹ́rà yín tó 100 gígábáìtì. Ẹ ń fi fláàṣì kó o láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, nítorí náà 100 gígábáìtì jẹ́ 800 gígábíìtì. Lórí wáyà 100 mẹ́gábíìtì, ó lé ní wákàtí méjì kó tó kọjá tán. Lórí gígábíìtì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Lórí 2,500, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ kò sì nílò ráútà tàbí súwíìṣì fún un: adapter 2,500 kan lára kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, wáyà kan láàárín wọn, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì IP tirẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí díìsìkì yín. Díìsìkì àtijọ́ tó ń yí bírí kì í sábà kọjá 150 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò fi púpọ̀ ju gígábíìtì kan lọ. Bí irú rẹ̀ bá lẹ ní, adapter gígábíìtì ti tó yín. Ẹ má náwó sórí 2,500 àfi tí SSD, díìsìkì tí kì í yí, bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Wọ́n á ní ohun tó bá gba USB kọjá á falẹ̀ ju èyí tó wà lára bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà lọ. Ó falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdádúró náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀rọ̀ yín tó ń lọ sí òpó tó sì ń bọ̀ ń lo ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá irú rẹ̀. Ta ló máa mọ èyí tó kéré lára èyí tó pọ̀?

Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní ráútà, mo mọ̀. Fóònù ni ráútà wa, hotspot ni a sì ń tàn. Fún ẹ̀yin náà, wáyà USB tí ẹ fi ń gba iná sínú fóònù ti tó. Láti Android 2.2, tó jáde ní 2010, fóònù ti lè gba inú rẹ̀ pín dátà fún kọ̀ǹpútà. USB tethering ni ẹ ó rí nínú ètò fóònù. Fóònù á máa gba iná bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ará ilé kò sì ní fi ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé jẹ dátà yín. Android 11, ní 2020, tún fi òmíràn kún un: bí fóònù bá gbà á, ẹ ki adapter Ethernet sí ìdí rẹ̀, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ráútà lójú ihò WAN, fóònù kan á sì fún gbogbo ilé ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣeré rèé.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, JAMB ti kó gbogbo ìdánwò ìwọlé yunifásítì, UTME, sórí kọ̀ǹpútà láti 2015, wáyà ni àjọ náà sì ń béèrè pé kí ilé ìdánwò fi so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Báwo ni a ṣe máa fi Wi-Fi tó ń já kọ́ ọmọ tó máa jókòó sídìí ẹ̀rọ oníwáyà bẹ́ẹ̀? Láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ihò Ethernet kì í ṣe àwáwí mọ́. Adapter 100 mẹ́gábíìtì pàápàá ti tó fún ìdánwò.

Ẹ̀rù kan wà tí mi ò ní fojú kéré: ààrá. Òjò Oǹdó kì í ṣeré. Wáyà bàbà tó bá gba ìta láti ilé kan sí èkejì lè gbé iná mànàmáná wọlé, kí ó sì ba gbogbo ohun tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́. Nínú ilé kan náà, ẹ ta á bó ṣe wù yín. Láàárín ilé méjì, ẹ má ta bàbà rárá, fáíbà ni kí ẹ lò, nítorí gíláàsì ni, kì í gbé iná.

Wáyà náà ṣe pàtàkì. Cat5e ojúlówó ń gba gígábíìtì kọjá títí dé 100 mítà. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe tí wọ́n sì fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ló kún ọjà, àmì rẹ̀ ni CCA. Ó máa ń kán nínú, ẹ kò ní mọ̀. Gígábíìtì nílò gbogbo òwú mẹ́jọ inú wáyà, 100 mẹ́gábíìtì nílò mẹ́rin péré. Bí ọ̀kan nínú mẹ́jọ bá já, iná adapter ṣì lè máa tàn, íntánẹ́ẹ̀tì ṣì lè máa wọlé, ṣùgbọ́n ẹ ti já sí 100 nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra adapter ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání, ẹ sì ní kí wọ́n so ó mọ́ súwíìṣì gígábíìtì lójú yín. Ẹ ṣí ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú Windows, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Link speed sí. 1000/1000 ni kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí 100/100, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ wáyà, kí ẹ tún wò ó. Bí kò bá yí padà, tàbí tí ọlọ́jà náà kò bá jẹ́ kí ẹ wò ó rárá, ẹ dá owó yín padà sápò kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.