Ewúrẹ́ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Olè, Ta Ni Yóò Sìn Ín?

Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó mọ bó ṣe ń dunni. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. À ń fi í bá ara wa wí nígbà tí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ lòwe náà dárúkọ. A ti fi ẹyẹ pòwe títí a ò rántí ẹyẹ mọ́. Èmi fẹ́ dá òwe yìí padà sọ́dọ̀ ẹran lónìí, kí n sì bẹ̀rẹ̀ lórí ewúrẹ́, nítorí òun ló sún mọ́ wa jù lọ, òun náà la sì ń fojú di jù.

Bí wọ́n bá mú olè ewúrẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n ṣí bùútù ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n bá ewúrẹ́ mẹ́rin níbẹ̀ tí a fi okùn di lẹ́nu, tí a so lẹ́sẹ̀, olè á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, yóò sì gba ibẹ̀ dé kóòtù. Ewúrẹ́ wá ńkọ́? Olówó rẹ̀ lè má yọjú, torí ìlú mìíràn ni wọ́n ti jí i gbé. Ẹran di ẹ̀rí. Wọ́n á so ẹ̀rí mọ́ ìdí igi lẹ́yìn àgọ́, wọ́n á sì máa retí adájọ́. A máa ń sọ pé ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti í jẹ, ẹ̀rín sì máa ń pa wá bí a bá ń sọ ọ́ nípa àwọn tó wà nípò. Ewúrẹ́ gan-an tí a so mọ́ ìdí igi yìí, kí ni yóò jẹ níbẹ̀? Àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ilé ẹran. Bí ẹjọ́ bá pẹ́, ẹ̀rí á rù, ẹ̀rí á ṣàìsàn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹ̀rí tó nítan tó sì ní ìbàdí kì í ṣòro láti sọnù.

Kì í ṣe ti olè nìkan. Ìyá àgbà kan lè kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó wá sìnkú, kí wọ́n pa òbúkọ méjì nínú ẹran rẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fi abo yòókù sílẹ̀ fún àdúgbò. Ọ̀kadà lè kọ lu ewúrẹ́ mìíràn kó kán an lẹ́sẹ̀, kí olówó rẹ̀ tó ń pariwo owó lánàá má fẹ́ ẹ mọ́ nígbà tí wọ́n bá san owó ọ̀hún tán. Wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ló ń bá a lé eṣinṣin. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní kí a jókòó máa wòran eṣinṣin.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yé wọn. Ní Boughton Monchelsea, abúlé kan lẹ́bàá Maidstone ní Kent, ọgbà kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 fún ewúrẹ́ nìkan. Buttercups lorúkọ rẹ̀. Ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ febi pa, èyí tí wọ́n já sílẹ̀ kiri, èyí tí ẹni tó ń sìn ín kò lágbára mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Wọ́n ń gé pátákò wọn, wọ́n ń tọ́jú egbò wọn, kò sì sí ọjọ́ kankan tí ọ̀bẹ yóò dé. Àwọn mìíràn wà tí ọgbà náà ń fi sílé alágbàtọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọgbà yìí náà ni àwọn onímọ̀ láti Queen Mary University of London ti yẹ ọgbọ́n inú ewúrẹ́ wò. Nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n gbé àwòrán ojú ènìyàn méjì síwájú ogún ewúrẹ́: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì dijú mágbárí. Ọ̀dọ̀ èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni àwọn ẹran náà sábà kọ́kọ́ ń lọ. Iṣẹ́ mìíràn ti jáde ṣáájú ìyẹn, ní 2012, tó fi hàn pé ìyá ewúrẹ́ ṣì ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn oṣù méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ti yà wọ́n. Irú ewúrẹ́ wo ni wọ́n fi ṣe èyí? Àwọn kúkúrú tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ, ìbátan èyí tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé yín. Ìyá tó ń sin ẹran ní Òkè-Àgbò tàbí Àtìkòrí kò kúkú nílò yunifásítì kó tó mọ̀ pé ewúrẹ́ ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ lọ́jọ́ tó ta ọmọ rẹ̀ lọ́jà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ lábẹ́ ètè báyìí. Ó ní: ẹran tí a máa pa jẹ, àánú kí ni a tún ń ṣe é? Ó tún ní: ènìyàn ò tíì jẹun yó ní Nàìjíríà, wọ́n ń wá ilé fún ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wúwo, n kò ní fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Ti àkọ́kọ́ ná. Èmi náà ń jẹ ẹran ewúrẹ́, bí ata rẹ̀ bá sì ta dáadáa, n kì í bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n pípa yàtọ̀ sí fífìyàjẹ. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa mọ̀ pé ẹ̀sìn wọn kò gbà kí a pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran tí a fẹ́ pa. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì mọ̀ pé Ìwé Òwe ka ìtọ́jú ẹran mọ́ ìwà olódodo. Alápatà tó mọṣẹ́ ń fi ọ̀bẹ mímú ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kì í rẹ́ ẹran lọ́rùn bí ẹni ń rẹ́ igi. Kí wá ló dé tí a fi ń to ẹran láti òkè Ọya sínú ọkọ̀ bí àpò gàárì, lórí ara wọn, láìsí omi, tí a ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú òkú méjì mẹ́ta láàárín wọn? Kí ló dé tí a ń fi ẹsẹ̀ so ó kọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà? Kò sí ẹ̀sìn tó pàṣẹ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi dídùn kún ọbẹ̀.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹsẹ 495 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. 50 náírà! Bóyá ló fi ra omi inú ọ̀rá lónìí. Òfin tí ìtanràn rẹ̀ kéré sí owó okùn tí a fi so ẹran, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

Ẹni tó ní ènìyàn kò tíì jẹun yó, òun gan-an ló gbe ẹjọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́ Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 70, obìnrin ló sì ni púpọ̀ nínú èyí tó wà lábúlé wa. Báǹkì wọn ni. Owó ilé-ìwé, owó ilé ìwòsàn, aṣọ ẹbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ewúrẹ́ tó kú lẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá, owó oúnjẹ ẹnì kan ló kú. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí a kọ́ Buttercups sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ ti jẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ti ń dá ọgbà ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún un. Tiwa kì í ṣe ohun ìṣeré, a kò sì lè máa bọ́ akọ mẹ́wàá tí kò ṣiṣẹ́ kankan títí wọn ó fi darúgbó.

Àmọ́ a ní alágbàtọ́ tiwa, ó sì ti pẹ́ kí Kent tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ráyè sin ẹran, tàbí tí kò láàyè lẹ́yìn ilé, á gbé abo ewúrẹ́ fún ìbátan tàbí aládùúgbò pé kó máa bá òun sìn ín. Bó bá bímọ, wọ́n á pín in. Bó bá bí ìbejì, ọ̀kan fún olówó, ọ̀kan fún ẹni tó ń sìn ín. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á máa gbà á bó bá ṣe kan kálukú. Ìlú kan kò ṣe é bí èkejì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé ìyá ẹran kò gbọdọ̀ kú sọ́wọ́ ẹni láìjẹ́ pé a ké sí olówó rẹ̀ kó wá fojú rí òkú. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ní agbo lónìí, ẹran sísìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ètò tó gba ẹran là tó sì gba ènìyàn là, kí la tún fẹ́ lọ kọ́ lókè òkun?

Ohun tí mo ń wí ni pé kí àwọn káńsù wa, ti Àríwá Ìjẹ̀bú ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ti Ogun Waterside ní Abígí, gba ewúrẹ́ tí kò lólówó, kí wọ́n sì gbé e fún obìnrin tó fẹ́ sìn ín. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ilé ìpẹran àti ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ́wọ́ nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Káńsù tó lè gba owó lórí ẹran tí a pa kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ ohunkóhun nípa èyí tó wà láàyè.

Ẹni tó bá gba ẹran náà gbọ́dọ̀ rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Àrùn tó ń pa ewúrẹ́ wa jù ni èyí tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní PPR: imú á máa ṣàn, ẹnu á bó, ìgbẹ́ á máa ya, odidi agbo sì lè run láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ivory Coast ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1942. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún un káàkiri ayé, Nigeria 75/1 lorúkọ rẹ̀, torí pé Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é ní 1975. Abẹ́rẹ́ kan ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe é. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí àrùn yìí di ohun ìgbàgbé, bí àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ṣe dópin ní 2011. Orúkọ wa wà lára oògùn, ewúrẹ́ wa sì ń kú nítorí àìrí i gún. Bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá bí ẹlòmíràn nínú, ó bí èmi.

Oúnjẹ kò le. Ìjẹ̀bú tó ń din gàárì kò lè sọ pé òun kò rí èèpo gbáàgúdá, kí wọ́n ṣáà sá a dáadáa kó tó dẹ́nu ẹran, torí tútù rẹ̀ ní májèlé. Àgúnmániyè tí a ń gbìn ṣe ọgbà, ewúrẹ́ ń jẹ ewé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980 kọ́ àwọn ará abúlé láti máa gé e fún ẹran. Ní Ìwọpin àti Ayílà, níbi tí ilẹ̀ ti rin, kí wọ́n fi pákó gbé ilé ẹran sókè, kí pátákò má baà jẹrà.

Ẹni tó bá ní ìjọba ò lè rí ti ẹran rò, kó wo igbó Ọmọ ní agbègbè wa níbí. Ní 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó àpapọ̀ ayé, ó sì ní ẹ̀ṣọ́ tó ń wọ inú rẹ̀ nítorí erin. Ó tọ́, erin inú igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Ní 2021 bákan náà, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tó lòdì sí dída ẹran jẹko kiri, a sì pàtẹ́wọ́, torí pé màlúù àjòjì la ní lọ́kàn. Ewúrẹ́ tiwa ṣì ń jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, a sì ń bú ẹni tó bá fi òkò lé e. Ẹran tí a bá gbé fúnni sìn gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà, tàbí kí a so ó. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn.

Àdéhùn náà kò gùn. Kí ọlọ́pàá ya fọ́tò ẹran, kí wọ́n fi fọ́tò ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́, kí ẹran fúnra rẹ̀ máa lọ. Kí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jà àti lórí rédíò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí olówó bá dé, tó ṣàlàyé àmì etí rẹ̀, kó san owó oúnjẹ kó sì mú un lọ. Bí kò bá dé, kí wọ́n ta òbúkọ ní gbangba, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra abẹ́rẹ́. Kí wọ́n gbé abo fún ẹni tó fẹ́ sìn ín. Tí káńsù bá ti gba ọmọ méjì, tó sì ti gbé wọn fún ẹlòmíràn, ìyá ewúrẹ́ di ti ẹni tó sìn ín. Àwọn ará etí omi lè ní ọmọ méjì pọ̀ jù fún ilẹ̀ tí kò fẹ̀ bíi tiwọn, pé ọ̀kan tó. Kí àwọn àti Abígí jọ dúnàádúrà rẹ̀.