Fanta tí wọ́n dà nù ní Ìlú Ọba: Ṣé ikùn ará Èkó yàtọ̀ ni?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó bá dára fún ará òde, ó yẹ kó ti dára fún ará ilé ná. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan tó wáyé ní Erékùṣù Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ohun jíjẹ àti ohun mímu fún mùtúmùwà.

Ní ọdún 2007, oníṣòwò kan, Dókítà Emmanuel Fijabi Adebo, ra Fanta àti Sprite lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Nigerian Bottling Company, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí NBC. Ó kó wọn ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba láti tà níbẹ̀. Nígbà tí ọjà gúnlẹ̀, àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó ọjà títà ní Stockport yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Wọ́n ní benzoic acid, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kó má baà tètè bàjẹ́, pọ̀ ju bí òfin wọn ṣe gbà lọ. Wọ́n tún ní àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sunset Yellow kọ àwọn lóminú. Bí wọ́n ṣe kó ọjà náà dànù nìyẹn, tí owó oníṣòwò sì wọgbó.

Adebo gba ilé ẹjọ́ lọ ní ọdún 2008. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó rárá, ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án kí ìdájọ́ tó wáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Onídàájọ́ Adedayo Oyebanji pàṣẹ pé kí àjọ NAFDAC mú ilé iṣẹ́ NBC ní dandan láti kọ ìkìlọ̀ sára ìgò Fanta àti Sprite pé wọ́n lè di májèlé bí ènìyàn bá lò wọ́n pọ̀ mọ́ fítámì C. Kò ní kí NBC san owó ìtanràn kankan fún olùpẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí NAFDAC san mílíọ̀nù méjì náírà fún un, nítorí pé àjọ náà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ó tún là á mọ́lẹ̀ pé ohun mímu tí NBC bá ṣe gbọ́dọ̀ dára fún ọmọ ènìyàn láti mu, láìka àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn sí.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. NBC náà ní àlàyé tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò ṣe ọjà yẹn fún títà lẹ́yìn odi, pé Nàìjíríà ni àwọn ṣe é fún, àti pé ó bá òfin Nàìjíríà mu. Ó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ náà gbè é lẹ́sẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Wọ́n ní mílígíráàmù 250 nínú kílò kan ni òfin Nàìjíríà gbà, pé mílígíráàmù 200 ló wà nínú ọtí náà, nígbà tí òfin Ìlú Ọba kò gbà ju 150 lọ. Wọ́n ní ooru ilẹ̀ yìí ló fà á, nítorí pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí máa ń tètè gbilẹ̀ níbi tí ooru bá ti mú.

Àlàyé yìí kì í ṣe àlàyé kékeré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ti òfin Nàìjíríà nìkan ni, ilé iṣẹ́ náà ní ibi tó lè fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin lọ́tọ̀, ìwà lọ́tọ̀. Òfin ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Kò sọ pé dandan ni kó débẹ̀. Bí a bá sì gbà pé ooru ló mú kí kẹ́míkà pọ̀ nínú ìgò, ṣé ooru náà ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ẹni tó ń lo fítámì C kò gbọdọ̀ lò ó mọ́ ọn?

Ooru tí wọ́n fi ṣe àwáwí yẹn tún ní ẹ̀yìn mìíràn. Àwọn onímọ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé bí benzoic acid bá pàdé fítámì C, wọ́n lè para pọ̀ di benzene, ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àti pé ooru pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kó burú sí i. Ìwọ̀nba ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tó bá mu ìgò kan kò ní torí ẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò wò láàárín ọdún 2005 sí 2006, tí wọ́n rí díẹ̀ nínú wọn tí benzene inú wọn ga ju èyí tí wọ́n gbà láàyè nínú omi mímu, ńṣe ni àwọn tó ń ṣe é yí bí wọ́n ṣe ń po ó padà. Ní ọdún 2008, Coca-Cola fúnra rẹ̀ kéde ní Ìlú Ọba pé òun yóò yọ irú kẹ́míkà yìí kúrò nínú Diet Coke, nítorí pé àwọn oníbàárà kò fẹ́ ẹ.

Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wá wo Òkè-Àrin tàbí Ẹ̀bútẹ́ Èrò ní ọ̀sán gangan. Páálí lórí páálí ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń wà nínú oòrùn, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ooru tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi kẹ́míkà sí i, ooru yẹn náà ló ń se é nínú ọjà. Bí ewu bá wà níbì kankan tó yẹ kí ìkìlọ̀ tóbi lára ìgò, Èkó ni.

Kì í ṣe NBC nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland àti àjọ IBFAN gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí oúnjẹ ìkókó tí Nestlé ń ṣe. Wọ́n rí i pé Cerelac tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò rí já jẹ ní ṣúgà tí wọ́n dìídì fi kún un, nígbà tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Switzerland, ìlú wọn, kò ní in. Kí ni Nestlé fèsì? Pé àwọn tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn sì ti ń dín ṣúgà náà kù. Èsì kan náà ni. Ibi tí òfin bá ti le, wọ́n á ṣe é dáadáa. Ibi tí òfin bá ti dẹ̀, àwọn náà á dẹ̀ ẹ́.

Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Bó bá ta ẹ̀wà oníkòkòrò fún oníbàárà lónìí, ojú á kojú lọ́la. Oníbàárà á gbé ọ̀rá ẹ̀wà rẹ̀ padà, gbogbo àwọn tó jókòó ti ìyá náà á sì gbọ́. Bó bá gbọ́n, kíá ni yóò pààrọ̀ ẹ̀, yóò tún bu èènì lé e. Ilé iṣẹ́ ńlá kò ní ojú tí oníbàárà lè wò, kò sì sí ẹni tó lè gbé ìgò lọ bá ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn nìkan ni ẹnu tí wọ́n fi ń bá ẹni tó ń ra ọjà wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹnu yẹn bá sọ ọ̀rọ̀ tán ní òkè òkun, tó wá gé e kù ní Èkó, ìwà ẹ̀tàn ni, òfin ì báà gbè é.

Ó sì ti pẹ́ tí ará Èkó ti ń rí irú ẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó, ní àwọn ọdún 1940, UAC àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ ọjà wọlé. Bí obìnrin ọlọ́jà bá fẹ́ ra èyí tó wọ́n, wọ́n á ní àfi kó ra èyí tí kò tà mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè lọ ló gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Èkó kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Láàárín ogun àgbáyé ìgbà náà, Alimotu Pelewura, olórí ọjà Eréko, kó wọn sòdí, wọ́n sì ta ko iye tí ìjọba amúnisìn ní kí wọ́n máa ta gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Wọn kò gbà títí ìjọba fi jáwọ́ nínú ètò náà ní ọdún 1945.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Òkè-Àrin, Ìdúmọ̀tà àti Ẹ̀bútẹ́ Èrò ni ọjà àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Bí wọ́n bá sọ fún àwọn tó ń já ọjà fún wọn pé àwọn fẹ́ ìkìlọ̀ tó hàn gbangba lára ìgò, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, ó ṣòro kí wọ́n má dá wọn lóhùn. Kí àwọn náà sì máa fi òjìji bo ọjà wọn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. NAFDAC ni àgbà ọjà yìí. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2019, náà sọ ọ́ kedere pé ẹ̀tọ́ oníbàárà ni láti mọ ohun tó ń rà, ní èdè tó yé e. Kí àwọn àjọ méjèèjì béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ oúnjẹ tó ń tajà níbí àti lókè òkun: níbo ni tiwa àti tiwọn ti yàtọ̀, kí ló sì fà á? Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ síta fún aráàlú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé ẹjọ́ Ìgbósẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹjọ́ ló bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Adebo gbé lọ síbẹ̀ kò jóná. Ọmọ tó ń mu Fanta ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ọmọ tó ń mu ún ní Stockport, ọmọ ènìyàn ni àwọn méjèèjì. Ìkìlọ̀ tó bá yẹ ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ fún èkejì.