Ta Ni Ẹran Inú Abọ́ Tọ́ Sí?

Bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ẹran la fi ń mọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Abọ́ bàbá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù. Ẹran tó tóbi jù lọ, ẹ̀dọ̀, orí ẹja, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà á tẹ̀lé e. Nígbà tó bá fi máa kan àbíkẹ́yìn, ẹran á ti kéré bí èékánná. Bó bá sunkún, wọ́n á ní ọmọ tí ojú rẹ̀ kò bá kúrò lára ẹran yóò jalè. Ti ẹyin tún wá le jù: wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa dà.

Àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní yunifásítì ló yẹ kó kọ́kọ́ gbèjà àṣà, a sì ń gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ pípín ẹran yìí, ó tó àkókò ká yí i padà, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ nílò ẹran jù lọ la ń fún ní èyí tó kéré jù lọ.

Èròjà irin inú oúnjẹ ni ara fi ń ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Pupa ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń gbé atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara, títí dé ọpọlọ. Ọmọdé ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Nínú ìlànà oúnjẹ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tó ti pé ọdún 19 nílò mílígíráàmù irin 8 lóòjọ́. Ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18 nílò 15. Ọmọ ọwọ́ oṣù 7 sí 12 nílò 11. Ẹ tún un kà: ọmọ tí kò tíì lè rìn dáadáa nílò irin ju bàbá rẹ̀ lọ!

Ìwádìí NDHS tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 6 sí 59, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 58 ni. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń fà á o. Ibà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, aràn inú ń mu ún, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni èyí tí ọwọ́ wa tó nínú ilé, láti òní lọ.

Ẹ wo ìlú Awo, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ. Níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọmọ lè mu ògì láàárọ̀, kó jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, kó jẹ àmàlà lálẹ́. Ikùn rẹ̀ á yó. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni, àmọ́ ebi méjì ló wà. Ebi ikùn ń pariwo, ebi ẹ̀jẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ tó yó dáadáa lè máa gbé ebi ẹ̀jẹ̀ kiri fún ọdún mélòó kan láìsí ẹni tó fura.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ ọmọ á funfun. Bó bá sáré díẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó lè máa bu erùpẹ̀ jẹ. Àwa nílé ìwé náà mọ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí kì í lè ṣe kí wọ́n má jẹ ìrẹsì tútù tàbí kí wọ́n má rún yìnyín lẹ́nu. Eré la fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àmì pé irin kò tó lára wọn. Èyí tó dùn wá jù ni ti kíláàsì. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó máa ń sùn lórí tábìlì, ọkàn rẹ̀ kì í pọ̀ sójú kan. Olùkọ́ á ní ọ̀lẹ ni. Òbí á ní olódo ni. Wọ́n á nà án nítorí ohun tí wọn kò fi sínú abọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá sọ pé ọmọ kò lẹ́jẹ̀ lára, kí la máa ń sáré rà? Malt àti mílíìkì. A ń ná owó sí i, a sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dé. Adùn ló pọ̀ nínú malt. Mílíìkì dára fún egungun, àmọ́ irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì tún ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin inú oúnjẹ mìíràn. Owó yẹn ì bá ra ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ẹja gbígbẹ, tàbí ẹ̀wà àti ọsàn.

A ti gbọ́ èsì tí àwọn kan máa fọ̀: "Ta ló rí ẹran jẹ nínú ọ̀wọ́n gógó yìí?" Òótọ́ ni pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n a ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ pa màlúù. Ohun tí à ń sọ ni pé ìwọ̀nba tó bá wà, kí ọmọ náà ní ìpín gidi níbẹ̀. Ara ń tètè gba irin inú ẹran àti ẹja ju ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ, ẹran díẹ̀ nínú oúnjẹ sì ń jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀wà náà gbà. Níbi tí kò bá ti sí ẹran rárá, ẹ lọ edé sínú ògì ọmọ, ẹ se ẹ̀wà, ẹ fi ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ sì fún un ní ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lé e, torí fítámìnì C ń ran irin lọ́wọ́. Ẹ má fi tíì ti oúnjẹ. Ó ń dí irin lọ́nà.

Àwọn mìíràn á ní àṣà yẹn ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìkóra-ẹni-níjàánu. A gbà pé kì í ṣe ìkà ló bí i. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọmọ ní sùúrù láìfi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọ. Àwọn baba wa kan náà ló sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'Meals ní ọdún 2012, ẹja, ẹran adìyẹ àti èso wà lára ohun tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń mọ sí. Ọmọbìnrin tó bá wọ girama, ìgbà tí nǹkan oṣù ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìgbà náà ni abọ́ ìjọba ti kúrò níwájú rẹ̀. Bí agbára kò bá gbé oúnjẹ fún wọn, ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́ọ́dé máa dé girama pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn irin. Kí òbí má kàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù o: àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí kì í ṣe gbogbo àìtó ẹ̀jẹ̀ ni irin ń wò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a máa tó lọ sílé fún ọlidé. Àwa náà ti di àgbà díẹ̀ nídìí abọ́. Ẹran tiwa ti ń tóbi. Bí màmá bá bu oúnjẹ, kí a gé lára tiwa sínú abọ́ àbúrò wa obìnrin, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ á jalè, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yẹn nílò irin ju bàbá lọ.