Ilé Tí Òkun Gbé Kò Sí Nínú Ìṣirò

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kì í pa òwe yìí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣírò GDP, ìyẹn iye gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan ń pèsè lọ́dún. Bí òkun bá gbé ilé kan lọ ní Àyétòrò, kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí onílé wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Ìgbọ́kọ̀dá, kó ra pákó, ìṣó àti páànù, kó sanwó fún káfíńtà: gbogbo èyí ni wọ́n máa kà mọ́ ọrọ̀ ajé tó ń gbèrú. Ẹni tó ń náwó kí ó má baà sùn síta, ìwé ìjọba ní nǹkan ń ṣẹnuure fún un.

Ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Àyétòrò dó sí etí òkun Ìlàjẹ, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Àpò kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ná nígbà náà. Apẹja, ahunṣọ, aránbàtà, akànkọ̀, inú àpò ìlú ni èrè gbogbo wọn ń lọ, ìlú ló sì ń bọ́ wọn. Iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé ahéré apẹja lásán ni òkun ń wó. Ọrọ̀ tí ìran dé ìran fi òógùn kó jọ ló ń gbé: ilé, ilé ìjọsìn, àní itẹ́ òkú pàápàá.

Ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn, omi kì í sì í pẹ́ fọ ẹrẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ epo tún la ojú omi láti òkun wọ inú ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi iyọ̀ sì gba ibẹ̀ wọlé. Òkun fúnra rẹ̀ náà ń ga sí i.

Ti omi mímu ló ń ká mi lára jù. Kànga ti di oníyọ̀. Nígbà òjò, dírọ́ọ̀mù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé omi wá, owó bẹntiróòlù sì wà lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Bí bẹntiróòlù bá wọ́n l'Ábùjá, omi á wọ́n l'Áyétòrò. Owó omi yẹn náà, inú GDP ló ń lọ.

Ẹ wá wo Èkó. Òkúta tí ìjọba amúnisìn tò sẹ́nu òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, kí ọkọ̀ lè wọ èbúté, ló dí iyanrìn lọ́nà, tí òkun fi jẹ etíkun Bar Beach. Lónìí, ògiri ńlá ló dúró síwájú òkun níbẹ̀. Ìdí ni pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri náà tí wọ́n ń tà fún olówó: ilẹ̀ Eko Atlantic. Ta ni yóò ra ẹrẹ̀ Ìlàjẹ? NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Àyétòrò fún kọngílá ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 6 náírà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, igbe ará ìlú ni pé àwọn ò rí ògiri kankan.

Àwọn aládùúgbò wa ti jẹ́ kí wọ́n bá àwọn ṣírò tiwọn. Báńkì Àgbáyé ṣírò ohun tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Senegal àti Côte d'Ivoire pàdánù ní etíkun wọn lọ́dún 2017 sọ́wọ́ òkun tó ń jẹ ilẹ̀, àgbàrá àti ìdọ̀tí: bílíọ̀nù 3.8 dọ́là, ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún GDP wọn. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì rí owó Báńkì náà fi ṣiṣẹ́ ìdènà òkun ní ààlà wọn. Èmi kì í ṣe ẹni tí gbèsè máa ń wù, àmọ́ ẹni tó fẹ́ yá ni lówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí iye ohun tó ń ṣòfò.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Oǹdó kò tilẹ̀ tó owó ògiri. Kí wọ́n ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣúná ọdọọdún fún ohun tí òkun gbé ní Ìlàjẹ: iye ilé, iye tí wọ́n fi tún un kọ́, iye tí ìdílé kan ń ná sórí omi mímu láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi dé. Kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń pè ní ìdàgbàsókè.