Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Ó Ń Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Kò sí olùkọ́ kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, láti Moniya títí dé ìlú Ọ̀yọ́, tí kò mọ ibi tí àwọn ọmọ wa gbé ń kọsẹ̀ nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ náà ni ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ti ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Ọmọ tí "eat" yé dáradára a máa dàrú nígbà tí ó bá pàdé "eating," "eaten" àti "to eat." Àwọn kan a sì yára wí pé orí ọmọ náà kú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé a ti fi ohun tí ọmọ náà mọ̀ láti ilé wá pamọ́ fún un.

Nítorí kí ni ọ̀ràn yìí bí kò ṣe ohun tí èdè Yorùbá ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Lọ di lílọ, jẹ di jíjẹ. Rìn di ìrìn, fẹ́ di ìfẹ́. Bí a bá fẹ́ kọ̀ ọ́, a wí pé àìlọ, àìjẹ, àìmọ̀. Ọmọ kékeré tí ó bá gbọ́ òwe àwọn àgbà pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí orúkọ, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé èdè wa kò ní gírámà. Ní ọdún 1852 ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde.

Èdè méjèèjì ni ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ń lò ó kò dọ́gba. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ tan iná sí. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Èkíní ni "He stopped to eat" àti "He stopped eating." Olùkọ́ lè fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má sì yé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Ó dúró láti jẹun," àti, "Ó dáwọ́ oúnjẹ jíjẹ dúró," ọ̀ràn parí. Ẹni ìṣáájú fẹ́ jẹun. Ẹni ìkejì kò jẹ mọ́.

Èkejì: ní Moniya níhìn-ín ni ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, lórí ọ̀nà ojú irin tí ó ti Èkó wá, èyí tí a ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021. Ibi tí èrò gbé ń jókòó de ọkọ̀ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ń pè ní "waiting room", èrò tí ó jókòó síbẹ̀ ni "waiting passenger." Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójú, ṣùgbọ́n yàrá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwa yóò wí pé "yàrá ìdúró" fún ti ìṣáájú, àti "èrò tí ó ń dúró" fún ti ìkejì. Ti ìṣáájú ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ti ìkejì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Ọmọ tí ó bá fi "tí ó ń" dán an wò yóò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, nítorí pé níbẹ̀ èdè wa fúnra rẹ̀ lè ṣi ọmọ lọ́nà. A ń wí pé omi mímu, a sì ń wí pé ẹja díndín. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ṣẹ̀dá méjèèjì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pe ti àkọ́kọ́ ní "drinking water," nítorí omi tí ó wà fún mímu ni, ó sì pe ìkejì ní "fried fish," nítorí a ti dín in tán. Ọmọ tí a kò là á yé yóò kọ "frying fish," bí ẹni pé ẹja ni ó ń dáná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ẹ̀kọ́ sú a kọ "I am boring" nígbà tí ó fẹ́ wí pé "I am bored," ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ń sú ènìyàn. Kì í ṣe òmùgọ̀. Èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi ń ronú, kò sì sí ẹni tí ó fi ibi tí ọ̀nà méjèèjì gbé pínyà hàn án.

Àwọn kan yóò wí pé lílo Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́. A kò kó ọ̀rọ̀ wọn dànù. Òbí tí ó ń san owó ìdánwò ní ìdí láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ó kéde pé òun ti fagi lé e. Èyí dùn wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń béèrè níhìn-ín kò ju gbólóhùn Yorùbá kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó, inú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ó sì wà.

Nítorí náà, àwa tí ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi gírámà Yorùbá kọ́ wọn pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè fi í ṣe àfiwé. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó na ọmọ nítorí "frying fish," ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn ní Yorùbá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé èdè yín kúrò nínú ilé nítorí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí orí èyí tí ọmọ ti mọ̀ ni a ó gbé èyí tí kò tí ì mọ̀ kà.