Ẹ Má Fi Ògiri Wo Ọmọ Tó Ń Lo Oògùn Olóró

Bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí mu codeine tàbí tramadol ní Ẹdẹ wa yìí, ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ká yà á sọ́tọ̀. Bàbá á tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, àwọn ìyá àdúgbò á kìlọ̀ fún ọmọ wọn kí wọ́n má bá a rìn, ilé-ìwé á lé e. Lẹ́yìn náà, a ó ní a ti tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi, irọ́ ni. Ṣe là ń tì í padà sídìí ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n fi eku ṣe ẹ̀rí. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, Bruce Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Simon Fraser University, ní Kánádà, rí i pé àwọn eku tí wọ́n fi ń dán oògùn wò máa ń dá gbé, olúkúlùkù nínú àgò kékeré tirẹ̀. Wọ́n wá kọ́ ibùgbé ńlá kan fún àwọn eku mìíràn, takọtabo ń gbé pọ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń bímọ. Rat Park ni wọ́n pè é. Èmi ìbá pè é ní ọgbà ìgbádùn eku. Wọ́n gbé omi lásán àti omi olóyin morphine síwájú ìhà méjèèjì. Àwọn tó ń dá gbé mu ti morphine ju àwọn tó wà láàárín ẹgbẹ́ lọ fíìfíì. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ èsì náà jáde.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tún un ṣe lẹ́yìn wọn ló rí èsì kan náà, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti rí i pé eku tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti kékeré máa ń ta gìrì, amphetamine sì máa ń ru ú sókè ju eku tó dàgbà láàárín ẹgbẹ́ lọ. Ìdáwà fúnra rẹ̀ ti yí ọ̀nà tí oògùn ń gbà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ padà.

Ní 2018, Marco Venniro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún eku ní yíyàn: kó tẹ ọ̀pá kan kí oògùn wọ ara rẹ̀, tàbí kó tẹ èkejì kí ilẹ̀kùn ṣí sọ́dọ̀ eku ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló yan ẹgbẹ́, títí kan àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ìgbà wo ni wọ́n padà sí oògùn? Ìgbà tí wọ́n mú kí ilẹ̀kùn pẹ́ kó tó ṣí, tàbí tí wọ́n fi iná mànàmáná jẹ wọ́n níyà torí pé wọ́n yan ẹgbẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń na ọmọ nítorí pé ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ẹnì kan á ní ọmọ ènìyàn kì í ṣe eku. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn Àrò, ìbátan kan sì ń bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbé. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sáàárín èèyàn. Àwọn onímọ̀ wá láti òkè òkun wá wò ó. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá ṣì kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan n'Ìbàdàn tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ní orúkọ àtúnṣe ìwà. Ọdún márùndínláàádọ́rin lẹ́yìn Lambo!

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ. Òótọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀rẹ́ burúkú bá kó o bá a, ọ̀rẹ́ rere la fi ń rọ́pò rẹ̀: ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀gá mẹkáníìkì tó ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n tó máa bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2017 fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Yàrá ẹ̀yìn mélòó la fẹ́ kọ́?

Nítorí náà, bí ilé-ìwé kan bá fẹ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ nítorí tramadol, kí ẹ̀yin òbí bi ọ̀gá àgbà léèrè: láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ta ni ọmọ náà yóò máa bá sọ̀rọ̀? Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, kí wọ́n dá a padà sí kíláàsì.